Wáyà Inú Ilé Àtijọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ayé tí a ń fi bẹẹrẹ bo ilé ni a ti pa òwe yìí. Bí ààfin bá jó, gbogbo ìlú yóò kó koríko tuntun wá, wọn yóò sì tún un kọ́ kí ó dára ju ti àná lọ. Ṣùgbọ́n ilé bàbá bàbá mi ní Ìṣùà Àkókó kì í ṣe ilé ọba. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni, èyí tí bàbá fi owó kòkó kọ́, tí ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, tí ó sì fi páànù bò. Bí ó bá jó, kò sí ìlú tí yóò bá wa tún un kọ́. Díẹ̀ ni ó sì kù kí ó jó.

Ìsìnkú kan ni ó kó àwa ọmọ ilé jọ síbẹ̀ láti Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́. Ẹnì kan ń lọ aṣọ, ẹlòmíràn ń fi kẹ́tùlù oníná se omi, fìríìjì méjì ń ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó di òru, òórùn rọ́bà tí ń jó gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. A sáré pa iná láti ìdí mítà, a gun òkè àjà, a sì bá wáyà tí ara rẹ̀ ti bó. Pákó tí wáyà náà sùn lé ti di èédú.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn wò. Ọdún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó kan àwọn ìlú oko. Òfin ọdún 1950 ni ó dá àjọ ECN sílẹ̀ láti máa bójú tó iná jákèjádò ilẹ̀ wa. Ìdídò Kainji bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná ní 1968, nígbà tí ó sì di 1972 ni ìjọba pa ECN pọ̀ mọ́ àjọ tí ń ṣàkóso ìdídò náà, tí wọ́n sì di NEPA. Nígbà tí ọ̀pó iná fi dé iwájú ilé wa, ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ iná kò ju gílóòbù kan fún yàrá kan àti rédíò ní pálọ̀. Ìwọ̀nba yẹn ni ẹni tí ó fa wáyà náà rò. Ó kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ògiri, ó sì to wáyà tín-ín-rín sí i lára: pupa ni ó ń gbé iná wọlé, dúdú ni ó ń gbé e padà. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó yẹ kí ó máa darí iná tí ó bá ṣìnà wọ inú ilẹ̀ lọ, kò sí níbẹ̀ rárá. Láti ìgbà náà ni ooru páànù àti eyín eku ti ń bá rọ́bà ara wáyà náà jà.

Síbẹ̀, ọ̀ràn fíúùsì ni ó dùn mí jù. Nínú àpótí tánganran funfun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, wáyà kékeré kan wà tí a dìídì ṣe kí ó lè tètè kú. Bí ẹrù bá wúwo ju ohun tí wáyà ilé lè gbé lọ, òun ni yóò kọ́kọ́ yọ́, iná yóò sì dá kí ilé tó gbóná. Ikú tirẹ̀ ni ìyè ilé. Ṣùgbọ́n ó sú wa láti máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan lọ́ wáyà nípọn sí ojú ihò náà, fíúùsì kò sì já mọ́. Èmi náà wà lára àwọn tí ó yìn ín. A ti pa olùṣọ́, a sì ń yọ̀ pé ariwo rẹ̀ ti dẹ́kun.

Nígbà tí ẹbí jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, àwọn kan ní kí a wó ilé náà, kí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Mo rán wọn létí Ilọ́jọ̀ Bar ní Tinúbú, ní Èkó. Fernandez ni ó kọ́ ọ ní 1855, ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933, ìjọba sì kà á kún ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Síbẹ̀, ní 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Kì í ṣe iná ni ó pa á. Ṣùgbọ́n ilé ẹbí ni, bíi tiwa, orúkọ inú ìwé ìjọba kò sì gbà á. Bí àwa tí a ni ín bá fọwọ́ ara wa wó tiwa, ta ni yóò kọ́ irú rẹ̀ mọ́?

Ìdí-igi ni a fi dá owó náà. A kìlọ̀ fún oníṣẹ́ pé kò gbọdọ̀ gbẹ́ ògiri, nítorí ògiri amọ̀ tí a bá là láti òkè dé ilẹ̀ ti di aláìlágbára. Ó yọ gbogbo wáyà àtijọ́ kúrò, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó gba ojú ọ̀nà pákó àtijọ́, ó sì fa tuntun gba inú páìpù lórí ògiri. Ó ya wáyà gílóòbù sọ́tọ̀ kúrò lára ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì ri irin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé fún wáyà kẹta. Ẹ̀rọ tí ń já fúnra rẹ̀ ni ó gba ipò fíúùsì. Swíìṣì dúdú róbótó tí ó wà ní ìyẹ̀wù bàbá nìkan ni a fi sílẹ̀ lára ògiri. Kò sí wáyà nínú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò bàbá ni ó mú un dán.

A fẹ́ràn láti máa kun ojú ilé àwọn baba wa ní ọ̀dà bí ọdún bá ń bọ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kí a tó ra ọ̀dà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gun òkè àjà pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́. Ilé ọba nìkan ni iná ń bù ẹwà sí.