Òkun Inú Gíláàsì: Bí Ọmọ Ènìyàn Ṣe Kọ́ Láti Sin Iyùn Nínú Ilé

Àwọn àgbà ní kò sí ọlọ́gbọ́n tí ó lè ta kókó omi sí etí aṣọ. Síbẹ̀, láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ni àwọn kan ti ń gbìyànjú ohun tí ó fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀: wọ́n fẹ́ bu òkun sínú gíláàsì, kí wọ́n gbé e sí igun yàrá, kí ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀ má sì kú. Lónìí, ní Berlin, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní New York, àwọn ènìyàn wà tí wọ́n ní àpáta iyùn kékeré nínú pálọ̀ wọn, tí ẹja aláràbarà ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín rẹ̀. Ìtàn bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀ yẹ ní mímọ̀ ní àkókò yìí tí iyùn inú òkun gan-an wà nínú ewu. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NOAA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé ooru òkun ti ń ṣí àwọ̀ kúrò lára iyùn káàkiri àgbáyé, ìgbà kẹrin irú rẹ̀ nìyẹn nínú àkọsílẹ̀.

Bí a bá dárúkọ iyùn ní ilẹ̀ Yorùbá, ọrùn ọba àti ọrùn ìyàwó ni ọkàn wa ń lọ. Egungun ẹranko òkun ni ìlẹ̀kẹ̀ pupa yẹn. Òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń wa irú rẹ̀, àwọn oníṣòwò Potogí sì wà lára àwọn tí ó gbé e dé etí òkun wa. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí ń gbé inú òkun ilẹ̀ olóoru ni wọ́n ń kọ́ àpáta. Ẹranko kékeré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó ní ẹnu kan, ọwọ́ wẹ́wẹ́ sì yí ẹnu náà ká. Ó ń fa èròjà ẹfun láti inú omi, ó sì fi ń kọ́lé lé orí ilé àwọn tí ó ti kú ṣáájú rẹ̀. Inú ẹran ara rẹ̀ ni ewéko tín-íntín ń gbé, tí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ fún un. Bí omi bá gbóná jù, iyùn a lé ewéko náà jáde, a sì funfun báláú. Bí ooru náà bá pẹ́, ebi a pa á kú.

Etí òkun tiwa kò ní irú àpáta ńlá bẹ́ẹ̀. Omi tútù tí ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun, àti omi odò ẹlẹ́rẹ̀ tí ń ṣàn wọ inú rẹ̀, kò jẹ́ kí ó gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa fi ná ọjà jẹ́ ìkarahun tí a ṣà nínú omi àárín àpáta iyùn ní erékùṣù Maldives. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ iyùn kò jìnnà sí wa tó bí a ti rò.

Obìnrin méjì àti ọmọ ọ̀dọ̀ kan

Aránṣọ ni Jeanne Villepreux-Power ní Paris kí ó tó fẹ́ oníṣòwò kan, tí ó sì bá a lọ gbé ní Messina, ní erékùṣù Sísílì. Ní ọdún 1832, ó kan àpótí gíláàsì kí ó lè máa wo Argonauta, ẹranko òkun ọlọ́wọ́ mẹ́jọ tí ń gbé inú ìkarahun funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ń jiyàn lórí rẹ̀. Ṣé ẹranko náà ló ṣe ìkarahun rẹ̀, àbí ilé onílé ni ó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí irú akàn kan ti máa ń ṣe? Obìnrin yìí fọ́ díẹ̀ lára ìkarahun náà, ó sì ń wo inú gíláàsì títí ẹranko náà fi tún un ṣe lójú rẹ̀. Àríyànjiyàn parí. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ẹni tí ó bá lè tọ́jú ohun ẹlẹ́mìí inú òkun sí ìtòsí yóò rí ohun tí ẹni tí ń wo òkú rẹ̀ nínú ìgò kò lè rí.

Ní ọdún 1846, Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà àgbà kan ní Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ sí Torquay ní etí òkun, ó sì rí iyùn omi tútù níbẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn mọ́ kànìnkànìn kí wọ́n má baà máa gbá ara wọn lójú ọ̀nà, ó sì kó wọn sínú ìkòkò omi òkun wá sí ilé. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé omi tí ó dúró sójú kan kì í pẹ́ bàjẹ́, òkun sì jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọgbọ́n tí ó dá ni pé kí a máa da omi náà láti inú ohun èlò kan sí inú òmíràn níwájú fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, fún 30 sí 45 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ó fi ewéko òkun kún un, àwọn iyùn náà sì wà láàyè fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta.

Thynne kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1859, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ náà. Ó yẹ kí a rántí rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń ru omi lọ́sàn-án àti lóru nínú gbogbo àpótí iyùn ayé òde òní, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọbìnrin yẹn ni ó ń ṣe. Bí iná mànàmáná bá lọ tí ẹ̀rọ náà sì dúró, láàárín wákàtí díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú omi lè tán. Àwa tí a mọ ìṣe iná mànàmáná ní Nàìjíríà kò nílò àlàyé lórí ìyẹn.

Nígbà tí òkun di ọ̀ṣọ́ inú ilé

Ní ọdún 1845, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fagi lé owó orí tí ó wà lórí gíláàsì, gíláàsì sì dínwó. Ní ọdún 1850, Robert Warington, onímọ̀ kẹ́mísírì, ròyìn bí òun ṣe kó ẹja, ewéko àti ìgbín sínú omi kan náà: ewéko ń fún ẹja ní afẹ́fẹ́, ìgbín ń jẹ ewé tí ó bá rà, omi kò sì bàjẹ́. Ní ọdún 1853 ni wọ́n ṣí Ilé Ẹja ní ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Philip Henry Gosse tẹ ìwé rẹ̀ *The Aquarium* jáde, ìwé náà ni ó sì sọ orúkọ yẹn di ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè.

Àṣà náà ràn bí iná ọyẹ́. Àwọn ènìyàn wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí etí òkun pẹ̀lú korobá àti ọ̀bẹ, wọ́n ń ṣí ẹranko kúrò lára òkúta. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kó dé ilé ni ó kú. Wọ́n kó ẹranko tí ó pọ̀ jù sínú omi tí ó kéré jù, oúnjẹ àjẹkù ń rà nísàlẹ̀, òórùn a sì gba ilé. William Alford Lloyd, tí ó ń ta ohun èlò wọ̀nyí ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó wá fi hàn pé omi tí ojú kò rí ṣe pàtàkì ju èyí tí ojú ń rí lọ. Nínú ilé ẹja tí ó ṣètò ní Hamburg ní ọdún 1864 àti ní Crystal Palace ní ọdún 1871, ó fi àmù ńlá pamọ́ sínú òkùnkùn lábẹ́ ilé, ẹ̀rọ sì ń yí omi rẹ̀ po. Àmù abẹ́ àpótí tí àwọn olùsin iyùn ń lò lónìí ti orírun kan náà wá.

Ẹ̀gbin ti bá etí òkun ná. Edmund Gosse, ọmọ Philip, kọ ọ́ sínú ìwé *Father and Son* ní ọdún 1907 pé àwọn adágún àárín òkúta tí òun mọ̀ ní kékeré ti di ahoro, nítorí ogunlọ́gọ̀ tí ìwé bàbá òun rán lọ síbẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n bá wá. Ìfẹ́ náà ni ó sì tú ibẹ̀ ká.

Ohun tí ojú kò rí

Ní nǹkan bí ọdún 1890, Sergei Winogradsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn bakitéríà kan tí wọ́n ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí wọ́n sì ń sọ náítíráìtì di náítíréètì. Amóníà ni májèlé tí ń jáde láti inú ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ó rà. Ohun tí ó ń pa ẹja inú ilé nìyẹn láti ọjọ́ yìí wá. Nítorí rẹ̀ ni olùsin iyùn òde òní fi máa ń po omi iyọ̀ rẹ̀, nǹkan bí gíráàmù 35 nínú lítà kan, tí yóò mú un lọ́ wọ́ọ́wọ́ ní nǹkan bí 25°C, tí yóò sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí bakitéríà tó gbilẹ̀, kí ó tó ra ẹja kan ṣoṣo. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n iyùn ilẹ̀ olóoru ṣì ń kú. Ní ọdún 1961, Lee Chin Eng, tí ó ń gbé ní Jakarta ní Indonésíà, kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan. Omi òkun gidi ni ó lò, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, afẹ́fẹ́ tí ń hó díẹ̀, àti òkúta tí ó kó tààrà láti inú òkun, tí ohun ẹlẹ́mìí kún inú ihò rẹ̀. Iyùn rẹ̀ yè. Òkúta ẹlẹ́mìí yẹn ni ilé ìfọmọ́. Bakitéríà ń gbé ara rẹ̀ àti inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ olówó ńlá kò lè ṣe tó.

Àwọn tí kò ní oòrùn àti òkun Jakarta ní láti wá ọ̀nà mìíràn. Láàárín ọdún 1970 sí 1990, àwọn olùsin iyùn ní Berlin so ọgbọ́n Lee pọ̀ mọ́ ohun mẹ́ta. Èkíní ni gílóòbù alágbára dípò oòrùn. Èkejì ni ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sínú omi títí yóò fi hó bí ọṣẹ, tí ìdọ̀tí a sì bá ìhó náà jáde. Ẹ̀kẹta ni omi ẹfun sísun, èyí tí Peter Wilkens polongo, kí iyùn lè rí ohun fi kọ́lé. Ní Amẹ́ríkà, àpilẹ̀kọ George Smit ní ọdún 1986 ni ó tan àṣà náà kálẹ̀, ìwé *The Reef Aquarium* tí Delbeek àti Sprung kọ ní ọdún 1994 sì di atọ́nà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́ kò yí padà púpọ̀ láti ìgbà náà. Omi a máa fẹ́ lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Nítorí náà omi aláìníyọ̀ ni a fi ń dí àlàfo náà lójoojúmọ́. A ń pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi náà láti ìgbà dé ìgbà, a sì ń wọn kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ kí ó wà láàárín mílígíráàmù 400 sí 450 nínú lítà kan.

Iye tí òkun san

Ṣùgbọ́n níbo ni ẹja àti iyùn inú pálọ̀ wọ̀nyí ti ń wá? Láti nǹkan bí ọdún 1960 sókè ni àwọn apẹja kan ní Philippines ti ń fín sáyánáìdì sínú ihò iyùn kí ojú ẹja lè kọ́, kí wọ́n sì rí i mú. Májèlé náà ń pa iyùn tí ó kàn. Ẹja tí ó yè bọ́ pàápàá lè kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn tí ẹni tí ó rà á ti sanwó. Ìyà ni ó sọ apẹja di apani, owó ọjà ìlú òkèèrè sì ni ó gbé májèlé lé e lọ́wọ́. Láti ọdún 1990, gbogbo iyùn olókùúta ni ó wà lábẹ́ òfin CITES, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ kó wọn kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ. Síbẹ̀, púpọ̀ jù lọ nínú irú àwọn ẹja òkun tí a ń tà fún ọ̀ṣọ́ ni a ṣì ń mú láti inú òkun.

Àwọn olùsin iyùn náà ni ó wá rí ọ̀nà tí ó sàn jù. Dietrich Stüber ní Berlin gé ẹ̀ka lára iyùn rẹ̀ fún ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ gé e fún ọ̀rẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gé igi ẹ̀gẹ́ gbìn, títí ẹ̀ka iyùn kan náà fi dé ilé púpọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Lónìí, iyùn tí a gé báyìí pọ̀ lọ́jà, kò sì sí ìdí tí olùbẹ̀rẹ̀ yóò fi ra èyí tí a já láti inú òkun.

Ibi ìsádi

Ohun tí a kọ́ nínú pálọ̀ ti wá di ohun ìgbàlà. Ní ọdún 2012, Jamie Craggs àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Horniman ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà darí ooru omi àti ìmọ́lẹ̀, títí kan ìmọ́lẹ̀ òṣùpá, nítorí pé òru díẹ̀ lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú ni ọ̀pọ̀ iyùn máa ń tú ẹyin sínú omi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ní ọdún 2013, iyùn wọn tú ẹyin nínú gíláàsì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Florida Aquarium lo ọgbọ́n náà fún iyùn olópòó, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú òkun Florida, ó sì yọrí sí rere.

Ọgbọ́n náà dé lásìkò. Láti ọdún 2014 ni àrùn kan ti ń pa iyùn ní Florida, wọ́n sì kó àwọn tí kò tíì kó o pamọ́ sí àwọn ilé ẹja káàkiri Amẹ́ríkà. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ìwọ̀n kan ní Manatee Bay fi hàn pé omi ibẹ̀ gbóná ju 38°C lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ sáré kó iyùn kúrò nínú òkun wá sínú àpótí lórí ilẹ̀. Gíláàsì tí ó kó òkun nígbèkùn láyé Gosse ni ó wá gba òkun sádi.

A kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ. Kò sí iye àpótí tí ó lè gba àpáta iyùn ayé, olùwá-ibi-ìsádi sì gbọ́dọ̀ ní ilé tí yóò padà sí. Bí èéfín epo tí ayé ń sun bá ń mú òkun gbóná sí i lọ́dọọdún, àwọn iyùn tí a gbà là yóò di ohun ìrántí lásán. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí fi ohun kan yé wa. Ọwọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tí a kò dárúkọ, òkúta tí Lee kó, àti ẹ̀ka tí Stüber pín fún ọ̀rẹ́ ni ó parapọ̀ di ìmọ̀ tí ń tú ẹyin iyùn lónìí. Gbogbo wọn ṣọ́ omi náà pẹ̀lú sùúrù, lójoojúmọ́. Irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ ni òkun ńlá ń béèrè lọ́wọ́ wa báyìí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.