Láti Lántòrò dé Àró: Ìtàn Ìtọ́jú Ọpọlọ Àwọn Ṣọ́jà

Ogun Hítílà, ìyẹn Ogun Àgbáyé Kejì, ló fa ìdásílẹ̀ ilé ìwòsàn ọpọlọ Àró tó wà ní Abẹ́òkúta. Láti 1943 ni àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti wọ ọkọ̀ òkun lọ bá àwọn ará Japan jà ní Bọ́mà. Àìsàn ọpọlọ ló dá àwọn kan nínú wọn padà wálé. Ilé ìtọ́jú tó wà ní Yábà láti 1907 ti kún ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, ní 1944, ìjọba gba ọgbà ẹ̀wọ̀n Lántòrò lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbá, wọ́n sì kó àwọn ṣọ́jà náà síbẹ̀. Ẹni tó jagun fún ọba Gẹ̀ẹ́sì wá ń gbé inú ilé tí wọ́n kọ́ fún ọ̀daràn.

Ọdún 1954 ni nǹkan yí padà. Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ìlú Òyìnbó, di ọ̀gá ilé ìwòsàn Àró, tó ti ara Lántòrò yìí jáde. Kò ti aláìsàn mọ́lé. Ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí Àró ká ló fi wọ́n wọ̀ sí. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní láti mú ìbátan kan wá, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa bá a lọ gba ìtọ́jú. Lámbò lo abẹ́rẹ́ àti oògùn Òyìnbó, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun péjọ sí Abẹ́òkúta láti jíròrò lórí irú iṣẹ́ yìí.

Ogun kò tán síbẹ̀. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà jà láti 1967 di 1970. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ṣọ́jà Nàìjíríà lọ pẹ̀tù sí ogun Làìbéríà àti Sierra Leone. Àwọn olùwádìí méjì, Okulate àti Jones, ṣe ìwádìí lórí àwọn tó ti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006: 22 nínú 100 ni ìpayà ogun ṣì ń dà láàmú. Ó pọ̀ jù lára àwọn tó pẹ́ lójú ogun àti àwọn tó ti mu ọtí tí wọ́n po ẹ̀tù ìbọn mọ́.

Ẹ̀kọ́ Àró ṣì wúlò títí dòní. Bí ọmọ tó ti ojú ogun dé kò bá rí oorun sùn, tó ń bẹ̀rù ariwo, tó sì ń sá fún ènìyàn, kí ìdílé tètè mú un lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n sì dúró tì í títí ara rẹ̀ yóò fi yá.