Bí Ohùn Ṣe Di Oǹkà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ti mọ oǹkà kà báyìí. Ẹ jẹ́ kí a fi oǹkà pa ìtàn kan. Ìtàn tẹlifóònù ni, ṣùgbọ́n inú ọjà ni a ó gbà dé ibẹ̀.

Ẹ wo òṣùwọ̀n alápá méjì. A ní òkúta ìwọ̀n 5: kílò 16, kílò 8, kílò 4, kílò 2 àti kílò 1. Ẹnì kan gbé àgbàdo wá. A kọ́kọ́ gbé òkúta 16 lé apá kejì. Bí àgbàdo bá ṣì wúwo jù ú lọ, a fi òkúta náà sílẹ̀, a gbé 8 kún un. Bí òkúta bá wúwo ju àgbàdo, a gbé èyí tí a fi kẹ́yìn kúrò, a mú èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí a bá fi dé orí kílò 1, a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Òkúta 5 péré lè fún wa ní ìdáhùn 32, láti 0 dé 31.

Ààbọ̀ kílò tó lé lórí ńkọ́? Ó ti sọnù. Ẹni tó ni àgbàdo ló sì pàdánù rẹ̀. Bí a bá ní kí òkúta tó kéré jù jẹ́ ààbọ̀ kílò, tí òkúta wa kò ju 5 lọ síbẹ̀, a ó rí ààbọ̀ náà. Àmọ́ a kò ní lè wọn ohun tó ju kílò 15 àti ààbọ̀ lọ mọ́. Ẹni tó fẹ́ rí kékeré, tó tún fẹ́ wọn ńlá, àfi kó ra òkúta kẹfà. Owó nìyẹn.

Wàhálà yìí gan-an ló bá àwọn tó fẹ́ sọ ohùn di oǹkà.

Alec Reeves jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris. Láyé ìgbà náà, bí wáyà tẹlifóònù bá jìn, ohùn á máa rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n á fi ẹ̀rọ gbé e sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn kò mọ ohùn yàtọ̀ sí ariwo. Àti ohùn, àti ariwo, ó ń gbé méjèèjì sókè ni. Reeves wá rò ó pé ó sàn kí a máa wọn ohùn léraléra, kí a sì fi oǹkà ìwọ̀n náà ránṣẹ́ dípò ohùn. Ní 1938, ó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Faransé kí ẹlòmíràn má baà gbà á. Ìpele 32 ló lò, ìyẹn òkúta 5 bíi tiwa. Ẹ̀rọ ìgbà náà tóbi, ó sì wọ́n, nítorí náà iṣẹ́ náà dúró.

Ogun ló gbé e dìde. Àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́ ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní SIGSALY, kí àwọn olórí ogun lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé àwọn Jámánì gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Washington àti London ní July 15, 1943. Ó wúwo tó bíi tọ́ọ̀nù 50! Abẹ́ ilé ìtajà Selfridges ni ti London wà. Wọ́n gbé òmíràn sí Algiers, ní ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín.

Ẹ̀rọ yìí pín ohùn sí ọ̀nà 10, ó sì ń fi ìpele 6 péré wọn agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan bí ohùn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ìpele 6 kò tó rárá. Wọ́n wá fi òṣùwọ̀n méjì ṣe é. Èkíní sọ apá ńlá tí ohùn wà nínú 6. Èkejì tún pín apá yẹn sí 6. Ẹ ṣírò rẹ̀: 6 lọ́nà 6 jẹ́ 36. Ọgbọ́n yìí wù mí púpọ̀.

Ẹ sì rántí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, èdè tí kì í fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Àwa ńkọ́? Bí a bá sọ pé "ọkọ̀ dé", tí ìyàwó ilé gbọ́ "ọkọ dé", á ti gbé ìkòkò kaná.

Lẹ́yìn ogun, ẹ̀rọ dínkù, owó rẹ̀ náà dínkù. Ní 1962, tẹlifóònù olóǹkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún ará ìlú ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú òkúta 7. Ìṣòro mìíràn wà níbẹ̀: ẹnì kan ń pariwo, ẹnì kejì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí ìpele bá dọ́gba, tẹni tó ń pariwo á dára, ṣùgbọ́n orí ìpele díẹ̀ péré ni ti ẹnì kejì á bọ́ sí, á sì máa há. Wọ́n bá jẹ́ kí ìpele ìsàlẹ̀ sún mọ́ra, kí ti òkè jìnnà síra. Ẹni tó ń ta góòlù ń wọn ohun kíún, ẹni tó ń ta òkìtì iṣu kò ní jà nítorí èèpo.

Reeves kú ní 1971. Ní 1972, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí òkúta 8, ìyẹn ìpele 256, kí a sì máa wọn ohùn ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Amẹ́ríkà ní ọ̀nà tirẹ̀ láti to ìpele. Yúróòpù ní tirẹ̀, èyí ni Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò náà gbà. Nínú tiwa yìí, ìpele ìsàlẹ̀ kéré débi pé ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ìpele dọ́gba yóò nílò òkúta 12, ìyẹn ìpele 4,096, kó tó lè gbọ́ ohùn wúyẹ́wúyẹ́ bákan náà.