Ọdún 1685: Nígbà tí Ọba Faransé Ti Ilẹ̀kùn Ìjọsìn, Ta Ló Ṣí Ilẹ̀kùn Ilé?

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń jẹ kòkòrò náà bá jẹ́ ọba tí ó lágbára jù lọ ní agbègbè, ta ni yóò kìlọ̀ fún un? Ìbéèrè yìí ni àwọn ìjọba Yúróòpù dojú kọ ní ọdún 1685. A rò pé ó yẹ kí àwa tí a ń fi èdè Faransé kọ́ àwọn ọmọ wa ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́ mọ bí wọ́n ṣe dáhùn rẹ̀, nítorí ìtàn náà kan ilẹ̀ Áfíríkà ju bí a ti sábà máa ń rò lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1598, Ọba Henri Kẹrin gbé Ìwé Àṣẹ Nantes jáde. Ìwé náà parí ogun ẹ̀sìn tí ó ti ń jà láti ọdún 1562, ó sì fún àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ń pè ní Huguenots, láyè láti máa sìn ní àwọn ibi tí a yàn fún wọn. Louis Kẹrìnlá, ọmọ ọmọ Henri, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1681, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin wọ̀ sí ilé àwọn Huguenots. Wọn a jẹ oúnjẹ onílé, wọn a ba dúkìá rẹ̀ jẹ́, títí onílé yóò fi gbà láti di Kátólíìkì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1685, ọba fọwọ́ sí ìwé àṣẹ mìíràn ní Fontainebleau, ó fi pa ti Nantes rẹ́. Ó ní kí a wó gbogbo ilé ìjọsìn wọn. Pásítọ̀ tí kò bá yí padà gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 15. Àwọn ọmọ ìjọ ní tiwọn kò gbọdọ̀ jáde: ọkùnrin tí a bá mú lẹ́nu ibodè yóò lọ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi ọba. Síbẹ̀, nǹkan bí 150,000 sí 200,000 ènìyàn rí ọ̀nà sá lọ.

Ìdáhùn tí ó yá jù lọ ti Brandenburg wá, ní ilẹ̀ tí ó di Jámánì lónìí. Oṣù kan kò tíì pé tí Friedrich Wilhelm, olórí ibẹ̀, fi gbé Ìwé Àṣẹ Potsdam jáde. Ó ní àwọn aṣojú òun yóò dúró de àwọn tí ń sá bọ̀ ní Amsterdam àti Hamburg, wọn yóò sì ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́nà. Ó fún wọn ní àwọn ilé tí ó ti di àlàpà, pẹ̀lú igi tí wọn yóò fi tún wọn kọ́. Ó dá owó orí dúró fún wọn fún ìgbà díẹ̀. Ó gbà kí wọ́n ní pásítọ̀ tiwọn. Àánú wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹ̀sìn kan náà ni òun àti wọn jọ ń ṣe. Èrè náà sì wà níbẹ̀: ogun ọlọ́gbọ̀n ọdún tí ó parí ní 1648 ti sọ ọ̀pọ̀ ìlú rẹ̀ di ahoro, ó sì nílò ahunṣọ, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́. Nǹkan bí 20,000 lọ bá a. Nígbà tí ọdún 1700 yóò fi pé, bí a bá ka ará Berlin márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ Faransé. Ilé-ẹ̀kọ́ Faransé tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn níbẹ̀ ní 1689 ń kọ́ ọmọ títí di òní.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà ní ojú méjì. Charles Kejì ti ṣèlérí ààbò fún wọn láti ọdún 1681, ṣùgbọ́n Kátólíìkì ni James Kejì tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀, kò sì fẹ́ bí Louis nínú. Nígbà tí pásítọ̀ Jean Claude kọ ìwé láti ròyìn ìyà tí ó jẹ àwọn ènìyàn rẹ̀, ikọ̀ ọba Faransé fẹjọ́ sùn, wọ́n sì dáná sun ìwé náà ní gbangba ní London ní 1686. Ní ọdún kan náà, James yọ̀ǹda kí a kó owó jọ fún àwọn tí ó sá wá. Ó fún wọn ní oúnjẹ, ó sì di ẹnu wọn. Inú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ Faransé náà, réfugié, ti bọ́ sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ogunléndé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ogun ni ó lé àwọn wọ̀nyí, ìwé ọba ni.

Ibí yìí ni ó yẹ kí a dúró sí díẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1685 kan náà, Louis fọwọ́ sí Code Noir, òfin tí ó de àwọn ẹrú ní àwọn erékùṣù Faransé ní ìhà Amẹ́ríkà. Abala kìíní lé àwọn Júù jáde níbẹ̀. Èkejì ní kí a ṣe ìrìbọmi fún gbogbo ẹrú nínú ìjọ Kátólíìkì. Ẹ̀kẹta ka ìjọsìn mìíràn ní gbangba léèwọ̀. Abẹ́ òfin yìí ni àwọn ènìyàn wa, tí a kó gba etíkun wa lọ sí Saint-Domingue, tí wọ́n ń pè ní Nàgó, ti fi òrìṣà wọn pamọ́. Àwọn ìjọba tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Huguenots kò ṣílẹ̀kùn fún wọn. Friedrich Wilhelm fúnra rẹ̀ ti kọ́ odi Gross Friedrichsburg ní 1683, ní etíkun Gánà òde òní, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì ń ra ènìyàn níbẹ̀ tà. Àwọn ará Họ́láńdì tí wọ́n gba ogunléndé púpọ̀ jù lọ kó nǹkan bí 200 nínú wọn lọ sí gúúsù Áfíríkà láti 1688, wọ́n sì fún wọn ní ilẹ̀ tí àwọn Khoikhoi ti ń da ẹran. Ẹni tí a gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ wá di ẹni tí ń gba ilẹ̀ onílẹ̀.

Àwọn tí kò lè sá ńkọ́? Ní 1713, lẹ́yìn tí ogun parí, Anne, ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀bẹ̀ fún àwọn tí ń wa ọkọ̀ ọba nítorí ẹ̀sìn, àwọn tí ó lé ní 100 sì gba òmìnira. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ ẹnu ìjọba lè ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò rí alágbàwí. Ní 1730 ni wọ́n ti Marie Durand mọ́ ilé ìṣọ́ Constance ní Aigues-Mortes, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ pásítọ̀. Ọdún 38 ni ó lò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a gbẹ́ sára òkúta nínú yàrá náà, tí wọ́n ní òun ni ó gbẹ́ ẹ, ṣì wà níbẹ̀: ẹ má gbà. Ọdún 1787 ni Louis Kẹrìndínlógún tó fún àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ìgbéyàwó àti láti forúkọ ọmọ wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin.

Nítorí náà, bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn yìí, kí á má ṣe fojú yẹpẹrẹ wo ilẹ̀kùn tí Potsdam ṣí. Èrè tí Friedrich Wilhelm ń wá kò dín ooru ilé tí ó fún ẹni tí òtútù ń pa kù. Ṣùgbọ́n kí á kọ́ wọn pẹ̀lú láti béèrè nípa ẹni tí ó kù síta. Bí ìjọba kan bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí a ń fìyà jẹ nítorí ẹ̀sìn ní ilẹ̀ mìíràn, ẹ jẹ́ kí á wo ẹni tí ó dárúkọ, kí á sì wo ẹni tí ó fò dá.