Eré tí Ògúńdé Ṣe Nítorí Òkú Enugu

Bí a bá dárúkọ Hubert Ògúńdé láàárín àwọn olóṣèlú lónìí, Yorùbá Ronú, eré ọdún 1964, ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Wọ́n máa ń fi orúkọ eré náà pe ẹ̀yà kan ṣoṣo jọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú rẹ̀, Ògúńdé ti gbé eré mìíràn jáde nítorí ikú àwọn tí kì í ṣe Yorùbá. Bread and Bullet ni ó pè é, ìyẹn Búrẹ́dì àti Ọta Ìbọn. Àwọn tó rántí rẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949 ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀ ní Iva Valley, ní Enugu. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wa èédú níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ Ígbò, gbà pé ìjọba amúnisìn jẹ wọ́n lówó iṣẹ́. Wọ́n ń wọ inú ihò lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n dẹwọ́ nínú iṣẹ́. Ìjọba rán ọlọ́pàá láti kó ohun abúgbàù tí a fi ń fọ́ èédú kúrò níbẹ̀, kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ajàjàgbara. Nígbà tí èrò pé jọ, ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó tó ń jẹ́ Philip pàṣẹ pé kí wọ́n yìnbọn. Òṣìṣẹ́ 21 ni ó kú. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ lé ní 50.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tó wà nílẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1948, ìjà inú ìwé ìròyìn láàárín àwọn aṣáájú Yorùbá àti ti Ígbò le ní Èkó débi pé àwọn ènìyàn ń ra àdá pamọ́. Ikú àwọn òṣìṣẹ́ Enugu ni ó mú kí àwọn tó ń bára wọn jà jókòó pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo, tí Dókítà Akínọlá Májà jẹ́ alága rẹ̀. Ní ọdún 1950, Ògúńdé, ọmọ Òṣoṣà, tó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí, gbé ọ̀rọ̀ ikú náà sórí ìtàgé. Ìjọba amúnisìn sì fòfin de eré náà ní apá Àríwá.

Ìgbìmọ̀ náà kò pẹ́ tó fi tú ká. Olúkúlùkù padà sí àgọ́ ẹ̀yà rẹ̀. Mo gbà pé ara ohun tó sọ eré náà di ìgbàgbé nìyẹn: kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tí yóò jèrè nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí ebi ń pa kì í ṣe ti ẹ̀yà kan.

Àwọn àgbà ní pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lókè àjà fún ìyàwó. Òfin tí àwọn òyìnbó fi de Bread and Bullet ní Àríwá kò bá wọn lọ nígbà tí òmìnira dé. Ní ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Yorùbá ń darí, fa pàṣán kan náà yọ, ó sì lé Yorùbá Ronú àti ẹgbẹ́ òṣèré Ògúńdé kúrò lórí ìtàgé ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọdún 1966, lábẹ́ ìjọba ológun, ni a tó gbé òfin náà kúrò.

Nítorí náà, ẹni tí yóò bá fi Ògúńdé ṣe ẹ̀rí, kí ó fi eré méjèèjì ṣe é. Ẹni tó ké sí Yorùbá pé kí wọ́n ronú ti kọ́kọ́ ṣọ̀fọ̀ òkú Enugu.