Nọ́ńbà Sípánà Kì í Ṣe Orúkọ Bóòtù

Ẹni tó bá fẹ́ ra bóòtù ní Ìtàjí-Èkìtì, ní Ọyẹ́ tàbí ní Ìkọ̀lé, "Nọ́ńbà mélòó?" ni wọn yóò kọ́kọ́ bi í. Bí ó bá ní "fọtíìnì", sípánà ló dárúkọ, kò tíì dárúkọ bóòtù. Orí bóòtù ni nọ́ńbà 14 ń wọ̀n. Kò sọ bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe nípọn tó, kò sì sọ bí tẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣe súnmọ́ra tó.

Ẹ wo bóòtù M10, tí ọ̀pá rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 10. Lára ọkọ̀ Toyota, orí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 14. Lára ẹ̀rọ ilẹ̀ Yúróòpù, ó lè jẹ́ 16 tàbí 17. Tẹ́ẹ̀dì ti Toyota sábà máa ń fi mìlímítà 1.25 jìnnà síra, èyí tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé sì jẹ́ 1.5. Bí a bá fi nọ́ọ̀tì ọ̀kan sí bóòtù èkejì, yóò wọlé díẹ̀, yóò sì há. Ẹni tó bá fipá dè é, tẹ́ẹ̀dì ló ń bàjẹ́.

Èmi kò ní ká lé bóòtù, nọ́ọ̀tì, wáṣà àti tẹ́ẹ̀dì kúrò nínú èdè wa; wọ́n ti di ti wa. Orúkọ àwọn ìwọ̀n ló kù. Mo dábàá mẹ́rin: ìnípọn, fún ọ̀pá, àlàfo, fún àyè tó wà láti ṣóńṣó tẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì, yálà àlàfo fífẹ̀ tàbí àlàfo híhá, ìwọ̀n orí, fún ibi tí sípánà ń gbá mú, àti agbára, fún nọ́ńbà bíi 8.8 tí wọ́n tẹ̀ sórí bóòtù, tí ọ̀pọ̀ ń ṣì kà sí ìwọ̀n.

Àìfohùnṣọ̀kan lórí ìwọ̀n ti yọ àwọn orílẹ̀-èdè ńlá lẹ́nu rí. Ní 1841, Joseph Whitworth fi igun dígírì 55 lélẹ̀ fún tẹ́ẹ̀dì ní Bìrìtìkó. Ní 1864, William Sellers mú 60 ní Amẹ́ríkà. Bóòtù ìlàjì ínṣì ti Whitworth ní tẹ́ẹ̀dì 12 nínú ínṣì kan, ti Amẹ́ríkà ní 13. Ọdún 1948 ni orílẹ̀-èdè méjèèjì pẹ̀lú Kánádà tó fẹnu kò.

Èdè wa náà tó irú iṣẹ́ yìí ṣe: iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọyẹ́-Èkìtì wà ní Ìkọ̀lé. Ẹ̀yin olùkọ́ ibẹ̀, ẹ pe àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì àdúgbò jọ, kí ẹ jọ yẹ àwọn orúkọ yìí wò. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ fi rúlà wọn àlàfo mẹ́wàá, kí ẹ pín in sí 10; kí ẹ sì fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì wọlé kí sípánà tó kàn án. Èyí tí ọwọ́ kò bá lè yí, ẹ má fipá dè é.