Bí a ṣe ń to ohùn lórí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ olójú púpọ̀, kí ìlù má baà bo ẹnu akéwì

Ní Òjòkú, ní Ọ̀fà àti ní àwọn ìlú mìíràn tó yí wọn ká ní ìpínlẹ̀ Kwara, ìlù àti ewì kì í ṣe ohun ìgbádùn lásán. Inú wọn ni oríkì ìdílé àti ìtàn ìlú wà. Àwọn àgbà tó mọ̀ wọ́n dunjú kò pọ̀ mọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀ lè má rí àǹfààní bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá délé tán, tó wá rí i pé ìlù ti bo ohùn àgbà mọ́lẹ̀, tàbí pé ohùn náà ń ya, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ olójú púpọ̀ fi wúlò. Ojú kọ̀ọ̀kan, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tíráàkì, máa ń gba ohùn kan ṣoṣo sílẹ̀: akéwì ní tirẹ̀, ìyáàlù ní tirẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀. Lọ́dún 1973 tí Paul McCartney wá ṣe àwo Band on the Run ní ilé iṣẹ́ EMI ní Àpápá, l'Ékòó, ẹ̀rọ olójú mẹ́jọ ni wọ́n lò. Ní 1979, olóògbé Haruna Ìṣọ̀lá dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Iṣẹ́ tó gba odindi yàrá nígbà náà ti di ohun tí èèyàn lè gbé sínú báàgì. Ẹ̀rọ Zoom R16, fún àpẹẹrẹ, lè gba ohùn mẹ́jọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì kéékèèké mẹ́fà sì lè gbé e ṣiṣẹ́ níbi tí kò bá sí iná mànàmáná.

Ipele méjì ni títo ohùn pín sí. Èkíní ni ìgbà tí ohùn ń wọlé. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ "gain" sí ló ń ṣàkóso rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ ayé òde òní, òdo ni òkè pátápátá. Ohùn tó bá fẹ́ kọjá rẹ̀ yóò gé lórí, yóò sì máa ya létí. Nítorí náà, kí ibi tí ohùn bá ti ròkè jù má kọjá nǹkan bí dẹ̀síbẹ̀lì 12 sísàlẹ̀ òdo, èyí tí ẹ̀rọ máa ń kọ ní -12. Ẹ má ṣe fi ìlù ìdánwò wọ̀n ọ́n, nítorí onílù kì í lu ìlù ìdánwò bí ó ti ń lù ú nígbà tí ara bá gbóná. Ẹ ní kí ó lu ibi tó le jù, kí ẹ tó yí bọ́tìnì.

Ìpele kejì ni ìgbà tí gbígba ohùn bá ti parí. Bọ́tìnì tí à ń tì sókè sódò, ìyẹn fédà, ni à ń lò níbí. Fédà kò lè tún ohùn tó ti ya ṣe. Ó kàn lè dín in kù ni. Ẹ fa gbogbo fédà wálẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé ohùn akéwì sókè, kí ìyáàlù tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà omele, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti àwọn elégbè. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn kan dáadáa, ẹ dín èyí tó bò ó kù dípò kí ẹ fi kún un, nítorí gbogbo ohùn ló ń para pọ̀ síbi kan. Ohùn méjì tó bára mu régé, tí wọ́n bá pàdé, yóò fi dẹ̀síbẹ̀lì 6 ga ju ẹyọ kan lọ. Kí àpapọ̀ wọn náà má ṣe kan òdo.

Ìṣọ́ra yìí ṣe pàtàkì fún èdè Yorùbá ju fún ọ̀pọ̀ èdè lọ. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ hàn, ìyáàlù pàápàá sì ń sọ̀rọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀, etí kò ní mọ èyí tí yóò gbà. Ẹ rẹ ìyáàlù sílẹ̀ nígbà tí akéwì bá la ẹnu, kí ẹ sì gbé e sókè nígbà tó bá dákẹ́.

Ẹ fi ohùn kékeré gbọ́ àbájáde iṣẹ́ náà, kí ẹ tún gbọ́ ọ nínú mọ́tò àti lórí fóònù. Títi fédà nígbà tí à ń gbọ́ ohùn kì í yí èyí tí a gbà sílẹ̀ padà. Nítorí náà, ẹ ṣe ẹ̀dà àwọn tíráàkì náà, kí ẹ sì kó wọn pa mọ́ síbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí yóò tò ó dáadáa jù lè jẹ́ ọmọ tí a kò tíì bí, ṣùgbọ́n ohùn àgbà gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ dè é.